Ọ̀fẹ́ Láti Lọ́ńdọ̀nù

Ìwé pélébé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tí èèyàn ń gbé ọwọ́ lé lára láptọ́ọ̀pù náà, òun ni mo sì kọ́kọ́ kà. Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló gbé ẹ̀rọ náà wá fún mi nígbà tó wálé wá ṣọdún ní ìparí 2009. Ìyá wa gbé e wò, ó ní, "Ṣé òkúta lẹ dì sínú rẹ̀ ni?" Àwọn ọmọ ilé ń fọwọ́ pa á lára. Èmi ń ka ìwé pélébé. Ó ní ẹni tó bá ra ẹ̀rọ yìí, tí Windows Vista wà nínú rẹ̀, yóò gba Windows 7 lọ́fẹ̀ẹ́.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Òwu-Ìsin. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀fẹ́ nítòsí mi, orúkọ mi ló pè.

Kì í sì í ṣe irọ́. Oṣù kìíní ọdún 2007 ni Vista dé ọjà, kò pẹ́ tó fi gba orúkọ burúkú: ó ń fà, ó ń jẹ mẹ́mọ́rì, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti wà nílẹ̀ ni kò bá a ṣe. Nígbà tí Microsoft wá kéde pé Windows 7 ń bọ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2009, ẹ̀rù ba àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ta ni yóò ra Vista lónìí, tó bá mọ̀ pé èyí tó sàn jù ú lọ ti wà lójú ọ̀nà? Ni wọ́n bá ṣètò: ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà láàrin ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2009 sí ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2010, tó bá jẹ́ Vista Home Premium, Business tàbí Ultimate ló wà nínú rẹ̀, irú rẹ̀ nínú Windows 7 tọ́ sí i láìsan owó Windows. Ẹni tó bá ra Home Basic, kó jókòó jẹ́ẹ́. Home Premium ni tèmi. Mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ kì í ṣe Microsoft fúnra rẹ̀ ló ń pín in. Windows tó bá bá ẹ̀rọ tuntun wá, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló ti rà á lópò ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì ti so ó mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn. Bí wàhálà bá dé, ọ̀dọ̀ wọn lèèyàn ń lọ. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni ọ̀fẹ́ yóò ti wá, olúkúlùkù wọn ló sì ń pinnu iye tí yóò gbà láti fi sídíì ránṣẹ́. Àwọn kan ò gba kọ́bọ̀. Àwọn tó ṣe tèmi gbà. Wọ́n kọ ọ́ síbì kan, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara ìwé pélébé.

Ẹni tí kò bá sí nínú ètò yìí, $119.99 ni wọ́n ń ta Home Premium fún un ní Amẹ́ríkà láti fi rọ́pò Vista. Dọ́là kan ń lọ sí bíi 150 náírà nígbà náà. Ẹ bá mi ṣe é: 18,000 náírà. Oṣù kẹta ọdún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di 18,000. Sídíì kan, odindi oṣù kan.

Ní agbègbè wa, mi ò tíì rí ẹni tó ra Windows rí. Ọmọkùnrin kan wà ní Òmù-Àrán, nítòsí ọjà, tó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan láàrin oníbàtà àti olóògùn. 1,500 náírà ló ń gbà láti fọ ẹ̀rọ mọ́ kí ó sì gbé Windows mìíràn sí i. Bírò ló fi kọ orúkọ sára àwọn sídíì rẹ̀, ọ̀kan wà tó kọ "Windows Dada" sí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Òun ló ṣe kọ̀ǹpútà tí mo lò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Dora Akunyili ti di ọ̀gá NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní 2001, tó kọ́ gbogbo wa láti máa wá nọ́ńbà lára páálí oògùn ká tó gbé e mì, ọ̀rọ̀ ojúlówó ti di ẹ̀sìn fún mi. Mo máa ń dojú ike omi délẹ̀ wò. Mo máa ń gbóòórùn bisikíìtì kí n tó fún ọmọ.

Ká má tíì sọ ti ìgbéraga. Òmù-Àrán ní ọjà, Ẹsìẹ́ ní àwọn ère òkúta tí wọ́n tìtorí wọn dá mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní 1945, Òwu-Ìsin ní òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi tí àwọn àlejò ń wá wò láti ọ̀nà jíjìn. Èmi náà fẹ́ ní nǹkan. Mo fẹ́ jẹ́ ẹni kan ṣoṣo ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin tó ní Windows ojúlówó.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún un. Lẹ́yìn ilé wa, lẹ́bàá ilé adìẹ, nìkan ni mọ́dẹ́ẹ̀mù mi ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí náà ibẹ̀ ni mo gbé àga lọ. Wọ́n bi mí ní orúkọ, mo kọ ọ́. Wọ́n bi mí ní nọ́ńbà ilé. Ilé wa ò ní nọ́ńbà, mo kọ "Ojúkojú Ṣọ́ọ̀ṣì." Ẹ̀rọ ní ìyẹn kì í ṣe nọ́ńbà. Wọ́n wá ní kí n mú orílẹ̀-èdè mi. Mo rí Netherlands, mo rí Norway. Nigeria tó yẹ kó wà láàrin wọn, n kò rí i. Mo gòkè, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, bóyá wọ́n tò wá sẹ́yìn ni. Ó kù díẹ̀ kí n di ará Norway lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí kì í bá ṣe pé adìẹ kan fò lé mi léjìká.

Mo tẹ àbúrò mi láago. Ó ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

"Bọ̀dá mi, ibi tí wọ́n bá ti ra ọjà nìkan ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n lo àdírẹ́sì tèmi. Rìsíìtì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà."

Owó fóònù tèmi la fi ń sọ gbogbo èyí. Mo dojú láptọ́ọ̀pù délẹ̀, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wo nọ́ńbà, lẹ́tà kan dà bí B, ó tún dà bí 8. A ka ìyẹn tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní:

"Wọ́n ń béèrè bóyá 32 lẹ fẹ́ àbí 64."

"Èwo ló pọ̀ jù?"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ wo èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yín."

"Ṣé iye kan náà ni wọ́n ń gbà?"

"Iye kan náà ni."

"Fi 64 ránṣẹ́."

Mo ti sọ fún yín pé olùkọ́ ìṣirò ni mí.

Wọ́n gba £18 lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀fẹ́ náà. Nígbà tí ó dé ọwọ́ rẹ̀, ó tún san £34 fún àwọn agbẹ́rù kárí-ayé kan kí wọ́n gbé e wá fún mi. Ó ní kí n má ṣèyọnu, ó ti fi ta mí lọ́rẹ. Mo kọ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ gbèsè àbúrò. Mo ní kó yọ ọ́ nínú owó tó máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wa, èmi yóò fi náírà rọ́pò rẹ̀ níhìn-ín. Ó yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi ò rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ìyá wa, ẹni tí kò tẹ kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀, ṣe di ẹni tó ń sanwó Windows nìyẹn, tó sì ń bi mí bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó.

Sídíì náà pẹ́ kó tó dé. Àbúrò mi ń wò ó lórí ẹ̀rọ: ó ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti dé Èkó, lẹ́yìn náà ó ní ó ti dé Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta! Ẹnì kan ti ka "Owu" lára páálí, ó sì darí rẹ̀ sí ibi tí òun mọ̀ sí Òwu. Bóyá wọ́n rò pé Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, ló ránṣẹ́ ra Windows. Kí ó tó yí padà sí Ìlọrin, ẹ̀rùn ti ń parí lọ. Mo wọ mọ́tò lọ gbà á. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ wo káàdì ìdánimọ̀ mi, ó wo páálí, ó ní orúkọ tó wà lára rẹ̀ dín lẹ́tà kan sí ti inú káàdì. Mo ní òyìnbó ni kò lè pè é. Ó ní ṣé òyìnbó ni àbúrò mi ni. Níkẹyìn ó ní kí n kọ lẹ́tà, kí n sì ya fọ́tò káàdì mi. Mo kọ ọ́ dáadáa, mo fi ìlà sí abẹ́ kókó ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo délé, mo ṣí páálí: sídíì tín-ín-rín kan àti ìwé tí wọ́n tẹ lẹ́tà àti fígọ̀ 25 sí. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án kó tó wẹ ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ayé ti yí padà lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà. Ní 2009 yẹn kan náà, $29 ni Apple ń ta Snow Leopard, tó dà bíi Windows tiwọn, fún àwọn tó ní kọ̀ǹpútà wọn. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 2013, wọ́n ti ń fi Mavericks tọrẹ. Microsoft náà fi Windows 10 tọrẹ fún odindi ọdún kan láti oṣù keje 2015 fún àwọn tó ní Windows 7 àti 8.1. Kò sí sídíì, kò sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n owó náà kò kú, ó kàn pa ibùgbé dà ni: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, wọ́n dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni Windows 11 kò sì gbà, nítorí pé wọn ò ní ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 tàbí pé ọpọlọ wọn ti dàgbà jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun tọ́jú ti àtijọ́ fún ọdún kan sí i lè san $30 nígbà náà. Ó lé ní 40,000 náírà. Bí wọ́n bá tún lẹ ìwé pélébé mọ́ nǹkan, èmi ò kà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Iná ò sí. Mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour." Lítà bẹntiróòlù kan jẹ́ 65 náírà nínú ìwé ìjọba nígbà náà; lọ́dọ̀ tiwa, inú ìwé yẹn náà ló ń gbé. Mo pe àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kí wọ́n wá wò ó. Ọ̀gá ilé-ìwé wá. Mo fi sídíì sí i, a gbọ́ bó ṣe ń yí, mo bá wọn ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n ń gbọ́ yẹn, ojúlówó ló máa ń dún bẹ́ẹ̀. Lójú kan náà ni ẹ̀rọ kọ̀wé jáde pé ohun tí mo fi sínú òun kò bá irú Windows tó wà nínú òun mu, kí n lọ wò ó bóyá 32 ni mo nílò àbí 64.

Ọ̀gá ilé-ìwé kà á sókè. Ó bi mí pé èwo ni mo mú. Mo ní èyí tó pọ̀ jù. Kò sọ nǹkan kan; ó mu omi, ó ní òun ń lọ.

Àlàyé rẹ̀ rọrùn fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Vista oní-bíìtì 32 ló wà nínú ẹ̀rọ mi. Èèyàn kò lè gbé 64 lé 32 lórí kí ẹrù inú ilé má sì mì. Àfi kí wọ́n pa ti àtijọ́ rẹ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹni tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn kò jìnnà sí wa. Ó wà ní Òmù-Àrán, nítòsí ọjà, láàrin oníbàtà àti olóògùn.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá a, láptọ́ọ̀pù ní àyà, sídíì nínú àpò Bíbélì. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó gba sídíì, ó gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Mo rí i pé òun náà kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé èmi ni mo wá ṣagbe.

"Sà, ṣé ẹ ti kó ẹrù yín kúrò nínú rẹ̀? Gbogbo rẹ̀ ló máa lọ o."

"Mo ti kó gbogbo rẹ̀ sí D."

"D?"

"D."

Ó wò mí, bí ọmọ gidi ṣe ń wo àgbàlagbà tí kò fẹ́ já nírọ́, ó sì ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ti mọ̀: inú ẹ̀rọ kan náà ni C àti D wà. Ohun tí mo ṣe dà bíi ti ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀, tó wá fara balẹ̀ kó ẹrù láti pálọ̀ sínú yàrá. Nígbà tí ó pa ibẹ̀ rẹ́ tán, àwọn ìbéèrè ìdánwò táàmù kẹta lọ, pẹ̀lú ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo jẹ́ akọ̀wé fún.

Ìyà ò tíì tán. Ẹ̀rọ gbé Windows 7 wọlé, ó béèrè lẹ́tà àti fígọ̀ 25, a tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó ní ti ẹni tó ń gòkè láti orí Windows mìíràn ni, kò sì rí Windows kankan nílẹ̀ tí mo ti ń gòkè bọ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé Windows 7 lé Windows 7 tí ò tíì gba nọ́ńbà yẹn lórí, ó tún tẹ fígọ̀ náà, ó sì gbà á. Bí wọ́n ṣe ń tan ojúlówó jẹ nìyẹn, ẹni tó ń ta ayédèrú ló sì mọ̀ ọ́n. Ó gba 1,500, ó fi 500 lé e fún bẹntiróòlù.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀dà kan sílẹ̀. Bí tiyín bá fọ́ lọ́la, ẹ ò ní wá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù."

Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Mo ní kó ṣe é. Mo tilẹ̀ bá a ka fígọ̀ náà sókè kó lè kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, torí pé B ibẹ̀ dà bí 8.

Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, £52 tó ń lọ sí bíi 12,000 náírà nígbà náà, mọ́tò Ìlọrin, ọ̀kadà Òmù-Àrán, owó fóònù, bẹntiróòlù, owó ọmọ náà, ọ̀fẹ́ mi ti kọjá 18,000 tí wọ́n ń ta á fún àwọn tí kò rí ọ̀fẹ́.

Ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo ń bẹ̀rù jù. Ìwé àtijọ́ tí a fi ń ṣírò owó, mo ti fún àwọn ọmọ kí wọ́n máa ya àwòrán sí i, nígbà tí mo ti sọ fún ẹgbẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwé. Ìyá Akápò wa kò ka ìwé rí. Ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti orí: iye tí oníkálukú dá, iye tí oníkálukú yá, ọjọ́ ọjà wo ni wọ́n yá a. Mo ń kọ, ọwọ́ mi ò yá tó. Kò sí ẹni tó jiyàn. Nígbà tó dé orí orúkọ mi, ó ní mo jẹ 4,000. Mo ní kò sí bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Tíṣà, kọ̀ǹpútà wo?"

Mo fi ìtìjú mi pamọ́, mo tún ìṣirò náà tẹ̀ sínú Windows 7 mi. Ní oṣù kejì 2010, Microsoft ti gbé ètò kékeré kan jáde tó máa ń yẹ Windows 7 wò, tí yóò sì máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo àádọ́rùn-ún ọjọ́, bóyá ojúlówó ni. Wọn ò fi dandan lé e. Èèyàn lè fi í sílẹ̀. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bàá ilé adìẹ gbé e wá fún mi, èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé. Kí ni ẹni tó ní ojúlówó ń bẹ̀rù nínú àyẹ̀wò?

Ní ìparí ọdún yẹn, a yá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kí n lè fi ìṣirò ọdún han gbogbo ẹgbẹ́. Gbọ̀ngàn kún. Mo so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀rọ, mo tàn án. Ara ògiri dúdú kirimù. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, wọ́n fi lẹ́tà funfun kọ ọ́ pé Windows yìí kì í ṣe ojúlówó. Fígọ̀ mi ti wọ ẹ̀rọ tó pọ̀ ju ohun tí wọ́n fún un láyè lọ.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fúkánáísà lójú títì ló dìde láti ẹ̀yìn, ó káàánú mi tọkàntọkàn.

"Tíṣà, ẹ má bínú, ayédèrú ni wọ́n gbé sí i fún yín. Ọmọkùnrin kan wà ní Òmù-Àrán, nítòsí ọjà, òun ló ní ojúlówó. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i. 2,500 ló ń gbà."

Ìyá Akápò ní ẹgbẹ́ lè yá mi, bí mo bá kọ́kọ́ san 4,000.